Ẹ Yé Pè É Ní Fífọ Ẹ̀jẹ̀

Ìjà ni mo bá wá lónìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo sì fẹ́ bá jà. Ọ̀rọ̀ náà ni "fọ̀", bí a ṣe ń lò ó nígbà tí kíndìnrín èèyàn bá daṣẹ́ sílẹ̀. "Wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n wa." "Wọ́n fọ kíndìnrín Màmá lánàá, ara wọn ti yá." "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dáwó ká lè fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i." Mi ò tíì wọ ẹgbẹ́ WhatsApp ọmọ Yorùbá kan nílùú òyìnbó níbí tí irú ọ̀rọ̀ yìí kò jáde rí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀rọ̀ kejì á tẹ̀lé e: "Wọ́n fọ̀ ọ́ títí, kò gbà. Ẹ̀rọ yẹn ló pa á."

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ẹ̀ka dialysis ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé ìwòsàn kan ní England. Iṣẹ́ mi ni láti so èèyàn mọ́ ẹ̀rọ yẹn, kí n sì tú wọn kúrò níbẹ̀ nígbà tí àkókò bá pé. Mo fẹ́ kó yé yín yékéyéké: ẹ̀rọ yẹn kì í fọ nǹkan kan. Ohun tó ń ṣe ní orúkọ nínú èdè wa, orúkọ tí ìyá wa ń lò ní ìdáná lójoojúmọ́. A kàn fi sílẹ̀ ni, a lọ mú èyí tó ń ṣì wá lọ́nà.

Àwọn àgbà ló ní orúkọ ń ro ọmọ. Orúkọ tí a sọ iṣẹ́ yìí ń ro àwọn aláìsàn wa, kò sì ro wọ́n sí rere. Ẹ wo bí a ṣe ń fọ aṣọ. Ìdọ̀tí wà lójú aṣọ, o da ọṣẹ sí i, o bó o, o ṣàn án, o sá a, ó parí. O ká a sínú àpótí. Ta ló ń fọ aṣọ tó mọ́? Ẹni tó bá gbọ́ "fọ̀" á rò pé ẹ̀ẹ̀kan tó dáa ti tó. Á rò pé kí a dúró kí ìdọ̀tí tún hàn kí a tó tún fọ̀ ọ́. Á rò pé agbára ẹ̀rọ ló ń bó ìdọ̀tí kúrò, nítorí náà bí ẹ̀rọ bá lágbára, wákàtí méjì á ṣe iṣẹ́ mẹ́rin. Bí aláìsàn bá wá kú lẹ́yìn "fífọ̀" ẹ̀ẹ̀mejì, á ní bóyá wọ́n bó o jù ni. Gbogbo èrò yìí ló bá ọ̀rọ̀ náà mu. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó jẹ́ òótọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo inú ẹ̀rọ náà. Gàgàrà tí ẹ ń rí nínú fọ́tò yẹn, ohun tó ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ, ohun tó ń wọn omi àti ohun tó ń ké gbàjarè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ gan-an wà ni ike róbótó kan tí a fi há ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí kò gùn ju apá àgbàlagbà láti ìgunpá dé ọrùn ọwọ́ lọ. Inú ike yẹn ni okùn tín-ín-rín wà, bíi 10,000, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ihò láàárín bíi igi popo, ihò náà kò sì fẹ̀ ju ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà lọ. Ẹ̀jẹ̀ ń gba inú okùn kọjá. Omi tí a ti pò pọ̀ mọ́ iyọ̀ oríṣiríṣi ń gba ẹ̀yìn okùn. Ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀, omi ń lọ, wọ́n dojú kọ ara wọn. Awọ ara okùn, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ló wà láàárín wọn. Ẹ tẹ́ gbogbo awọ yẹn sílẹ̀, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹní tí àgbàlagbà ń sùn lé.

Awọ náà ní ihò tí ojú kò lè rí. Ẹ̀jẹ̀ pupa kò lè gba ibẹ̀. Albumin, èròjà ńlá tó ń di omi mú sínú ẹ̀jẹ̀, kò lè gba ibẹ̀. Ṣùgbọ́n urea, creatinine, potassium, àwọn èérún kéékèèké tó yẹ kí kíndìnrín máa tọ̀ dànù, wọ́n ń gba ibẹ̀ fàlàlà. Ta ló ń tì wọ́n? Kò sẹ́ni tó ń tì wọ́n. (Omi tó pọ̀ jù lára, ẹ̀rọ ń fi agbára fà á ní tirẹ̀, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn.) Ohun tó ń gbé èérún wọ̀nyí kọjá ni pé nǹkan tó wà nínú omi kì í dúró sójú kan.

Ẹ rò ó bí òde ìnáwó. Yàrá méjì, ilẹ̀kùn kan láàárín. Ọgọ́rùn-ún ọmọdé ń sáré kiri nínú yàrá kìíní, kò sí ẹnì kan nínú èkejì. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ kò rán ọmọ kankan níṣẹ́, kò sì sí èyí tó mọ ibi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n nítorí pé ìhín ni wọ́n ti pọ̀, àwọn tó máa kọsẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà lọ sọ́hùn-ún á pọ̀ ju àwọn tó máa padà wá lọ. Nígbà tó bá yá, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lápá méjèèjì, ìyàtọ̀ ò sì ní hàn mọ́. Àfi bí àwọn òbí bá ń wá kó àwọn tó ti dé yàrá kejì lọ sílé. Nígbà náà yàrá kìíní á máa dín kù, díẹ̀díẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni lé wọn. Gbogbo àṣírí dialysis nìyẹn: ilẹ̀kùn, ìyàtọ̀, omi tuntun, àti àkókò. Adolf Fick, ọmọ Jámánì tó jẹ́ onímọ̀ nípa ara èèyàn, fi ìṣirò gbé e kalẹ̀ ní 1855: bí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìhín àti ọ̀hún bá ṣe pọ̀ tó ni nǹkan á ṣe yára kọjá tó.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ìdáná wàyí, nítorí ibẹ̀ ni orúkọ tí mò ń wí wà. Ẹni tó fẹ́ ṣe ògì, kì í fọ àgbàdo ní àfọ̀tán kó sì lọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ń rẹ ẹ́. Ẹni tó fẹ́ ṣe láfún, ó ń rẹ ẹ̀gẹ́. Alágbo tó kó egbò igi sínú omidùn, kò gún egbò náà, kò fún un, síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì omi ti dúdú, ó ti korò. Ta ló gbé ìkorò jáde nínú egbò? Ó rẹ ẹ́ ni. Àwọn ẹbí wa tó wà ní Brazil mọ̀ ọ́n dáadáa: ẹja bacalhau tí wọ́n fi iyọ̀ gbẹ, ẹ ò lè fọ iyọ̀ rẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ omi. Ẹ gbọ́dọ̀ rẹ ẹ́ ní odidi ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ máa da omi rẹ̀ nù, kí ẹ máa bu tuntun. Ẹ̀yin tí dókítà sì ti ní kí potassium yín má pọ̀ jù, ṣebí wọ́n ti kọ́ yín pé kí ẹ gé iṣu wẹ́wẹ́, kí ẹ sè é nínú omi púpọ̀, kí ẹ da omi yẹn nù. Ohun kan náà ni.

Rírẹ ni dialysis. A ń rẹ ẹ̀jẹ̀. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ o: bí ẹ bá fi ohùn sísàlẹ̀ sọ ọ́, á di rírẹ̀, àárẹ̀ nìyẹn (ó sì máa ń rẹ àwọn aláìsàn lóòótọ́ lẹ́yìn rẹ̀), bí ẹ bá gé e kúrú, á fẹ́ jọ ìrẹ́jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń kọ́ni láìsí olùkọ́. Gbogbo ẹni tó ti rẹ nǹkan rí ló mọ̀ pé rírẹ ń fẹ́ àkókò, pé omi gbọ́dọ̀ máa yí padà, àti pé irú omi tí o fi rẹ nǹkan ló ń sọ bí nǹkan náà á ṣe rí. Ohun mẹ́ta yẹn gan-an ni "fífọ̀" ń fi pa mọ́ fún wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú àkókò. Ètò tó wọ́pọ̀ jù lágbàáyé ni wákàtí mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Wákàtí 12 nìyẹn. Kíndìnrín tó dá ṣáṣá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 168 lọ́sẹ̀, tọ̀sántòru. Nínú wákàtí mẹ́rin, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń gba ẹ̀rọ kọjá ní 300 mìlílítà níṣẹ̀ẹ́jú kan, lítà 72 ló kọjá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà kò ju bíi lítà márùn-ún lọ. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ń lọ, ó ń bọ̀, ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Kí ló dé tí kò lè tán lẹ́ẹ̀kan? Nítorí pé inú ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni nǹkan náà pọ̀ sí. Nínú potassium tó wà lára èèyàn, bíi ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún ló fara pamọ́ sínú ẹran ara. Díẹ̀ báyìí ló wà nínú ẹ̀jẹ̀. Bí a ṣe ń kó èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ti inú ẹran ara ń jáde wá rọ́pò rẹ̀, ní ìrìn ìgbín. Bẹ́ẹ̀ náà ni phosphate. Bí a bá tú yín kúrò lórí ẹ̀rọ, wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà, èyí tó ṣẹ́kù nínú ẹran ara á tún jáde, ẹ̀jẹ̀ á tún gòkè. Ohun tí à ń lépa ni pé kí urea inú ẹ̀jẹ̀ fi ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, dín kù nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ wò ó dáadáa: lọ́jọ́ tó dùn pàápàá, ó lè ku ìdá kan nínú mẹ́ta. Kò sí ọjọ́ kankan tí ẹ̀jẹ̀ "mọ́ tán".

Ìdí nìyẹn tí inú mi kì í fi í dùn bí àgbàlagbà ọmọ Yorùbá kan bá wo aago, tó sì wí fún mi pé, "Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi, ó ti tó. Mo mọ̀ ọ́n lára pé ẹ̀jẹ̀ mi ti mọ́ lónìí. Ẹ tú mi." Mà, mo bẹ̀ yín. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ẹ ń gé kúrò nígbà kọ̀ọ̀kan, wákàtí kan àbọ̀ ni lọ́sẹ̀. Wákàtí 78 ni lọ́dún. Bíi ìgbà 19 ni ẹ kò wá rárá. Kò sì sẹ́ni tó máa gé àkókò rírẹ ẹ̀gẹ́ kù bẹ́ẹ̀, tí á tún bú ìkòkò pé òun ló bà á jẹ́.

Ohun kejì ni omi tó wà lódì kejì awọ, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ. Awọ náà kò ní làákàyè. Kò mọ ẹgbin yàtọ̀ sí oúnjẹ, kò mọ ìta yàtọ̀ sí ilé. Ohun tó bá kéré, tó sì pọ̀ níhìn-ín ju ọ̀hún lọ, ó ń kọjá. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ kí potassium jáde, à ń fi díẹ̀ sínú omi náà. A kì í fi òfo sí i, torí bí gbogbo rẹ̀ bá ń sáré jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ọkàn lè dáṣẹ́ dúró. Bí a bá fẹ́ kí sodium dúró síbi tó wà, à ń jẹ́ kí ìhín àti ọ̀hún fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bicarbonate ńkọ́? Ó máa ń kéré lára aláìsàn, nítorí náà à ń jẹ́ kó pọ̀ nínú omi kó lè wọlé. Ṣé ẹ rí i? Àwọn kan ń jáde, àwọn kan ń wọlé, lójú awọ kan náà, níṣẹ̀ẹ́jú kan náà. Ẹ sọ fún mi, irú fífọ̀ wo nìyẹn?

Ó tún ku nǹkan kan. Potassium, sodium, calcium, bicarbonate, ion ni gbogbo wọn: èérún tó gbé iná mànàmáná díẹ̀ lórí. Àwọn kan jẹ́ ti àmì ròpọ̀, àwọn kan jẹ́ ti àmì ìyọkúrò. Àwọn tó jọra ń sá fún ara wọn, àwọn tó yàtọ̀ ń fa ara wọn. Àwọn awọ kan wà tí wọ́n dìídì fi iná yìí sí lára láti ilé iṣẹ́, tó fi jẹ́ pé irú ion kan ṣoṣo ni wọ́n ń jẹ́ kó kọjá, wọ́n á lé èkejì padà. Irú awọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń kó iyọ̀ jọ láti inú omi òkun ní Japan. Awọ dialysis kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé iná, ṣùgbọ́n awọ kan wà tí wọ́n ń pè ní AN69, tó gbé èyí tó jẹ́ ti àmì ìyọkúrò. Ní nǹkan bí ọdún 1990, àwọn dókítà ṣàkíyèsí pé bí ẹni tó ń lo irú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, àwọn bíi enalapril àti lisinopril, bá gba orí awọ yẹn, ara rẹ̀ lè wú lójijì, kí ìfúnpá rẹ̀ já wálẹ̀, kí èémí máa ṣòro fún un. Iná ara awọ ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣe èròjà kan jáde, oògùn náà kò sì jẹ́ kí èròjà ọ̀hún pòórá. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń béèrè gbogbo ohun tí ẹ ń mu. Gbogbo rẹ̀ pátá, àti àgbo inú ìgò tí Àǹtí kó wá láti Mushin. Ẹ má bínú sí mi. Wọn ò sọ fún aṣọ pé kó ka oògùn tó ń lò kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Ẹ̀yin kì í ṣe aṣọ.

Pàṣípààrọ̀ ion tún wà nínú yàrá omi lẹ́yìn ilé ìtọ́jú. Omi London le, ẹ̀yin tó ń gbé ibẹ̀ ti rí funfun tó ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tùlù. Calcium àti magnesium ni. Kí omi yẹn tó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn, ó ń gba àárín ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké kan kọjá, àwọn ìlẹ̀kẹ̀ tó di sodium mọ́ra, tí wọ́n á gba calcium, tí wọ́n á sì yọ sodium sílẹ̀ ní ìpààrọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó kan awọ mìíràn tó ń sẹ́ ẹ. Bí ìlẹ̀kẹ̀ yẹn bá kọ iṣẹ́, calcium á gba awọ dialysis wọlé, orí á máa fọ́ aláìsàn, á máa bì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ru sókè. Ìwọ tó ń mu lítà méjì omi lójúmọ́, inú rẹ ń dáàbò bò ọ́. Ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ, lítà 120 ni omi tó ń gba ẹ̀yìn awọ rẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́rin, bó bá jẹ́ 500 mìlílítà níṣẹ̀ẹ́jú kan. Awọ nìkan ló dúró fún un.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Caruaru, ní ìpínlẹ̀ Pernambuco ní Brazil. Ní 1996, wọ́n lo omi tí wọn kò tọ́jú dáadáa ní ilé ìtọ́jú dialysis kan níbẹ̀. Omi náà ní májèlé tí àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké aláwọ̀ ewé máa ń tú sínú adágún. Májèlé yẹn kéré tó láti gba awọ kọjá, ó sì wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ó ba ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́, èèyàn tó ju 50 lọ ló kú. Brazil tún òfin omi dialysis ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan á gba ìtàn yìí lẹ́nu mi, wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i? Ẹ̀rọ yẹn ń pa èèyàn." Rárá o. Ohun tí Caruaru kọ́ wa ni pé kí ẹbí máa béèrè ọ̀rọ̀ omi. Ẹni tó bá rò pé fífọ̀ ni, ọ̀rọ̀ omi kì í wá sí i lọ́kàn. Omi ṣáà ni omi. Ẹni tó bá mọ̀ pé rírẹ ni, ohun tó kọ́kọ́ máa bi ilé ìwòsàn ni pé: omi wo lẹ fi ń rẹ ẹ́, ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò?

Ẹ jẹ́ ká dojú kọ "ẹ̀rọ ló pa á" fúnra rẹ̀. Thomas Graham, ọmọ Glasgow, ló fún iṣẹ́ yìí lórúkọ dialysis ní 1861. Kì í ṣe ara èèyàn ló ń tọ́jú, awọ pẹlẹbẹ kan ló fi ń ya èérún kéékèèké kúrò lára ńlá nínú omi. Willem Kolff ló kọ́kọ́ lò ó fún èèyàn pẹ̀lú ẹ̀rọ ńlá tó ń yí bí ìlù, nílùú Kampen ní Netherlands, ní 1943, nígbà tí àwọn ará Jámánì gba ìlú mọ́ wọn lọ́wọ́. Awọ ìdì sọ́sééjì ló fi ṣe é. Àwọn tó kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ fún fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Ní 1945 ni obìnrin ẹni ọdún 67 kan jí padà. Kí ló dé tí àwọn ti ìṣáájú fi kú? Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú kí wọ́n tó gbé wọn wá. Ọ̀rọ̀ tiwa lónìí nìyẹn, lẹ́yìn ọgọ́rin ọdún. A ti gbé e lọ sí ilé àdúrà, a ti gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbo, ẹsẹ̀ ti wú, èébì ti bẹ̀rẹ̀, kò dá èèyàn mọ̀ mọ́, nígbà náà la wá ní kí wọ́n "fọ̀ ọ́". Dókítà á wá ṣe é fún wákàtí méjì péré lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹbí á bínú pé wọ́n fi owó àwọn ṣeré. Ẹ gbọ́: ẹni tí urea ti pọ̀ lára rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, bí a bá kó o kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ kíákíá, ti inú ọpọlọ kò lè tètè jáde bá a. Omi á wá wọ́ lọ sínú ọpọlọ, ọpọlọ á wú. Ìdí nìyẹn tí ti àkọ́kọ́ fi gbọ́dọ̀ kúrú kó sì rọra. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Àwọn mìíràn kò kú sórí ẹ̀rọ rárá, àárín ìgbà tí wọ́n ń retí èyí tó kàn ni wọ́n kú sí. Láàárín àwọn tó ń ṣe dialysis ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ pàápàá, ìparí ìsinmi ọjọ́ méjì ni ikú máa ń pọ̀ sí. Ọjọ́ méjì péré! Àwa wá rẹ bàbá wa lẹ́ẹ̀kan, a fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó kú, a ní ẹ̀rọ ló pa á.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. "Nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ kọ́ ló ń pa wọ́n, àìlówó ni." Òótọ́ ni, mi ò ní bá yín jiyàn. Ní Amẹ́ríkà, òfin 1972 ló mú kí Medicare máa san púpọ̀ nínú owó dialysis. Ní England, aláìsàn kì í san kọ́bọ̀. Ní Brazil, ètò ìlera ìjọba ló ń san án. Ní Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ kéde ní 2025 pé owó ẹ̀ẹ̀kan á wálẹ̀ láti ₦50,000 sí ₦12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn wọn kan. Ó dáa, a dúpẹ́. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: ₦12,000, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 52, ₦1,872,000 nìyẹn. Ẹni tó ń gba ₦70,000 lóṣù, owó oṣù tó kéré jù lófin, ₦840,000 ló ń gbà lọ́dún. Owó iṣẹ́ ọdún méjì kò tó san ti ọdún kan. Ìjọba ló yẹ ká dojú ìjà yìí kọ, ká má sì dákẹ́.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ owó nìkan ni, kí ló ń ṣe àwọn èèyàn wa níbí, níbi tó ti jẹ́ ọ̀fẹ́, tí wọ́n ń gé àkókò wọn, tí wọ́n ń fo ọjọ́ Àìkú nítorí ìsìn, tí wọ́n ń wí pé "mo ti mọ́"? Kí ló sì dé tó jẹ́ pé àwa tí à ń fi owó ránṣẹ́ sílé, ìgbà kan ṣoṣo la máa ń dáwó fún, tí a óò wá máa bínú bí wọ́n bá tún pè? Owó tí a dá fún "fífọ̀" kan ń tán sórí fífọ̀ kan. Ó yẹ ká mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé gbèsè ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni, ká jókòó pọ̀, ká pín in bí àjọ: ìwọ oṣù yìí, èmi oṣù tó ń bọ̀, ká sì máa béèrè ọ̀rọ̀ ìpààrọ̀ kíndìnrín nígbà tí aláìsàn ṣì lágbára.

Ọ̀rọ̀ yìí sì kan ìran wa ju bí a ṣe rò lọ. Ní 2010 ni àwọn onímọ̀ rí i pé oríṣi méjì kan lára jíìnì tó ń jẹ́ APOL1 ń mú kí àrùn kíndìnrín pọ̀ láàárín àwọn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ó wọ́pọ̀ láàárín Yorùbá gan-an. Ó dà bíi pé ó dáàbò bo àwọn baba ńlá wa lọ́wọ́ àrùn oorun tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, ìdí nìyẹn tó fi gbilẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà, Brazil àti Cuba gbé e dání lọ. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó jogún rẹ̀ lápá ìyá àti ti bàbá ló máa ṣàìsàn, ṣùgbọ́n ewu tiwọn pọ̀. Ìran tí ọ̀rọ̀ yìí kàn tó báyìí kò yẹ kó máa fi ọ̀rọ̀ tó ń ṣini lọ́nà sọ ọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, ẹ̀yin pásítọ̀ àti àáfà tó ń dárúkọ aláìsàn níwájú ìjọ, ẹ̀yin ògbufọ̀ ilé ìwòsàn, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ Yorùbá níbí: ẹ bá mi sin ọ̀rọ̀ náà. Ẹ má ní "wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀". Ẹ ní "wọ́n ń rẹ ẹ̀jẹ̀". Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju tèmi lọ, ẹ mú un wá, kó ṣáà ti ní àkókò, omi àti àtúnṣe lemọ́lemọ́ nínú. Bí wọ́n bá sì pè yín láti ilé pé ẹnì kan wà lórí ẹ̀rọ, ẹ má bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti fọ̀ ọ́. Ẹ bi wọ́n pé: wákàtí mélòó ni wọ́n fi rẹ ẹ́, irú omi wo ni, ọjọ́ wo ló tún kàn, ta ló máa san án?